Kálípà àti máíkíròmítà: ohun tí àwọn oníṣẹ́ irin ń bi wá l'Abẹ́òkúta, àti ìdáhùn wa

Ṣọ́ọ̀bù léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e, la ní ní agbègbè Láfẹ́nwá. Kíráńkì, ṣáfútù ẹ̀rọ ata, búṣì ẹ̀rọ gàrí àti písítìnì jẹnẹrétọ̀ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. Àwọn mẹ́káníìkì àti ọmọṣẹ́ tó ń gbé irin wá máa ń béèrè irú ohun ìwọ̀n tí àwọn náà lè rà, ṣé kálípà, ọ̀pá ìwọ̀n tí a ń sún ẹnu rẹ̀ láti gbá irin mú, àbí máíkíròmítà, èyí tí a ń yí sukúrúù rẹ̀ títí yóò fi gbá irin mú. Ìdáhùn kan náà la sì ń tún sọ. A wá kó wọn jọ síbí. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ẹ má fi owó ra nọ́mbà tó ń tàn lójú irinṣẹ́, ẹ fi ra irinṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ẹ bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun kan náà ni yóò sọ.

Kálípà ni kí n kọ́kọ́ rà, àbí máíkíròmítà?

Kálípà, èyí tó gùn tó 150 mm, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní íǹṣì mẹ́fà. Òun nìkan ló ń wọn ìta, tó ń wọn inú, tó tún ń wọn jíjìn ihò. Ohun kan ṣoṣo ni máíkíròmítà mọ̀ ọ́n ṣe, láàárín 25 mm péré, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n ṣe débi tí kálípà kò lè dé.

Ẹ wo iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ yín. Bóòtù, búṣì, oil seal, béárìn tí nọ́mbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, kálípà tó gbogbo wọn. Béárìn tí ihò rẹ̀ jẹ́ 17 mm, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 40, tó sì nípọn tó 12, 6203 ni. Bó bá jẹ́ 20, 47 àti 14, 6204 ni. 25, 52 àti 15 ni 6205. Ẹni tó ní kálípà kò ní máa gbé béárìn tó ti jẹ kiri Kútọ̀ kó máa wá èyí tó jọ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kíráńkì, písítìnì tàbí ọ̀pá fáàfù ni kí ẹ ra máíkíròmítà 0–25 mm. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 25–50. Kálípà 300 mm kò kánjú rárá. Ó wọ́n, ó wúwo, inú àpótí ló sì máa ń sùn.

Àwọn méjèèjì ló ń fi 0.01 hàn. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń sọ pé máíkíròmítà dájú ju kálípà lọ?

Ohun tí ojú irinṣẹ́ lè fi hàn yàtọ̀ sí bó ṣe dájú tó. Kálípà oníbátìrì ń fi 0.01 mm hàn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣèlérí ju ±0.02 mm lọ lórí èyí tó gùn tó 150 mm, àwọn olówó pọ́ọ́kú sì ń kọ ±0.03. Máíkíròmítà 0–25 tó jẹ́ ojúlówó lè dé ±0.002 mm. Ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe kan àwọn méjèèjì ló fà á. Nínú máíkíròmítà, irin tí à ń wọ̀n àti sukúrúù tó ń ka ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ní ti kálípà, ọ̀pá tí nọ́mbà wà lára rẹ̀ wà lókè, irin wà nísàlẹ̀ láàárín ẹnu. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹnu náà á fì díẹ̀, nọ́mbà á sì yí. Ernst Abbe, ará Jámánì tó bá ilé iṣẹ́ Zeiss ṣiṣẹ́, ti ṣàlàyé èyí láti ọ̀rúndún 19, kò sì tíì sẹ́ni tó rí ọgbọ́n dá sí i lára kálípà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún ọmọṣẹ́ pé kó ti irin wọnú ẹnu kálípà dáadáa, kó súnmọ́ ọ̀pá, kó má fi ṣóńṣó ẹnu gbá a mú.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnì Honda GX160 wò ó, nítorí òun àti àwọn tó fara wé e ló kún inú pọ́ǹpù omi àti jẹnẹrétọ̀ nílùú. Ibi tí kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, ń jókòó sí lára kíráńkì rẹ̀ jẹ́ 30.000 mm nígbà tó wà ní tuntun. Bó bá ti jẹ dé 29.920, ó ti parí. 0.08 mm ló wà láàárín tuntun àti panti. Bí kálípà ±0.03 bá sọ fún yín pé 29.93 ni, ó lè jẹ́ 29.90, ó sì lè jẹ́ 29.96. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá kí ẹ dá a padà sínú ẹ́ńjìnì tàbí kí ẹ sọ fún oníbàárà pé kó lọ wá òmíràn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti kálípà, bó ti wù kó wọ́n tó.

Onífánía, oní-aago àti oníbátìrì, èwo ló dára jù?

Onífánía ni ti àtijọ́ tí a fi ń ka ìlà. Pierre Vernier, ará Faransé, ló gbé ọgbọ́n ìlà méjì náà jáde ní 1631, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Kò ní bátìrì, kò ní aago, kò sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ àfi kó ṣubú. Ẹ ra èyí tó ń ka 0.02, kì í ṣe 0.05. Ìṣòro rẹ̀ kan ni ojú. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò wọ gíláàsì á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ oòrùn. Ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó lójúkorojú, nítorí bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìlà tó bá ara mu á dà bí èyí tó ti kọjá.

Oní-aago rọrùn láti kà, kò sì fẹ́ bátìrì. Àmọ́ eyín kéékèèké wà lára ọ̀pá rẹ̀ tí aago náà ń rìn lé. Bí ìdọ̀tí irin láti ẹnu léètì bá há síbẹ̀, aago náà á fo eyín kan, kò sì ní padà sí òdo mọ́. A lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún eruku lílọ̀ irin yóò máa tún un ṣe títí ni.

Oníbátìrì ni gbogbo ènìyàn fẹ́. Ó yá láti kà, ẹ lè yí i láti mìlímítà sí íǹṣì, ẹ sì lè sọ ọ́ di òdo níbikíbi. Èyí tí a kẹ́yìn sọ yìí wúlò ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ: ẹ wọn ṣáfútù, ẹ tẹ òdo, ẹ wá wọn ihò búṣì, àlàfo tó wà láàárín wọn á jáde fúnra rẹ̀. Ohun tó ń bí àwọn oníbàárà wa nínú ni pé bátìrì àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í pẹ́. Bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa á, ojú rẹ̀ nìkan ló ń pa. Inú ṣì ń jẹ bátìrì. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ra òmíràn, ẹ béèrè SR44 dípò LR44. Wọn ò tóbi jura lọ, ṣùgbọ́n agbára SR44 dúró ní 1.55 V títí yóò fi kú, nígbà tí ti LR44 ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí nọ́mbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá ń ta sí irinṣẹ́ yín lára, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IP67 sí, ìyẹn àmì pé eruku àti omi kò lè tètè wọnú rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ká dá a fún yín, ọmọṣẹ́ ra onífánía, ọ̀gá tójú rẹ̀ ti ń ṣú ra oníbátìrì. Oníke, èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, kí káfíńtà àti aránṣọ rà á.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dára lọ́jà, kí n tó sanwó?

Ẹ má gba orúkọ gbọ́. Ayédèrú Mitutoyo, ilé iṣẹ́ ohun ìwọ̀n ará Japan, pọ̀ lọ́jà débi pé páálí rẹ̀, ìwé inú rẹ̀ àti lẹ́tà ara rẹ̀ jọ ojúlówó. Bí iye rẹ̀ bá kéré gan-an sí iye tí àwọn tó gbajúmọ̀ ń tà á, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà. Ayédèrú kan lè wọ̀n dáadáa o, àmọ́ ẹ má san owó ojúlówó lé e lórí.

Ọwọ́ àti ojú ni ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gba àárín ẹnu náà kọjá, ì báà ṣe lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, kí ó máa padà sí òdo nígbà gbogbo. Bó bá sọ 0.00, tó sọ 0.02, tó tún sọ −0.01, ẹ dá a padà sílẹ̀. Ẹ fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa yọ̀ déédéé, kó má há níbì kan, kó má sì mì lọ́wọ́. Mímì yẹn lè jẹ́ ti sukúrúù kéékèèké méjì tó wà lórí rẹ̀, ẹ lè fún wọn díẹ̀. Bó bá ṣì ń mì lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tí ẹ lè ṣe sí i.

Èyí tó kàn ni ọgbọ́n tí a fẹ́ràn jù: ẹ mú béárìn tuntun kan tó jẹ́ ojúlówó dání lọ sọ́jà. Àwọn tó ń ṣe béárìn kò gba gbẹ̀rẹ́ láyè. Ìta 6203 jẹ́ 40 mm, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ dín ju 0.011 lọ. Ihò rẹ̀ jẹ́ 17 mm, kò gbọdọ̀ dín ju 0.008 lọ. Ẹ fi ẹnu ńlá kálípà wọn ìta, ẹ fi ẹnu kékeré òkè wọn inú. Kálípà tó bá sọ 40.05, ẹ kí olówó rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹ má fi nínípọn béárìn dán an wò, nítorí wọ́n gbà kí ìyẹn dín tó 0.12.

Ní ti máíkíròmítà, ẹ yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ bákan náà jálẹ̀ ni. Ẹ wo ojú méjèèjì tó ń gbá irin mú, kó máa dán, kó má ní àpá. Ẹ wò ó pé rátíṣẹ́ẹ̀tì wà ní ìdí rẹ̀, èyí tó máa ń dún ká-ká-ká. Òun ló ń jẹ́ kí agbára ọwọ́ àgbà àti ti ọmọdé dọ́gba. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 25 mm sókè gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tí a fi ń tò ó sí òdo nínú páálí. Bí ọ̀pá yẹn kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ dáadáa.

Ṣé tòkunbọ̀ ṣeé rà?

Ó ṣeé rà, pàápàá máíkíròmítà. Sukúrúù tí wọ́n fi irin gidi ṣe, tí wọ́n sì tọ́jú, á pẹ́ ju ẹni tó ń lò ó lọ. Àwọn ohun ìwọ̀n ilé iṣẹ́ Starrett, Mitutoyo àti Moore & Wright tó bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọlé láti òkè òkun máa ń fara hàn lọ́jà àlòkù, a sì gbà pé ìyẹn sàn ju tuntun tí kò lórúkọ. Ẹ kàn máa ṣọ́ ìpẹtà ojú méjèèjì. Kálípà oníbátìrì tòkunbọ̀, a kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó rà á, àyàfi bó bá lè mú bátìrì tirẹ̀ lọ, kó fi sí i, kó sì dán an wò níwájú ọlọ́jà.

Ibo ni mo ti lè rí i rà?

Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ nílùú máa ń ní kálípà, àmọ́ máíkíròmítà kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èkó ni kí ẹ̀yin tó bá fẹ́ rí púpọ̀ yàn nínú rẹ̀ lọ. Owódè Onírin dára fún àlòkù, Ládípọ̀ náà ní àwọn tó ń tà á láàárín àwọn ẹ̀yà ọkọ̀. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojúurin tuntun ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ó sì ń dúró l'Abẹ́òkúta ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká. Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á padà ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò òkè yìí lọ́jọ́ tó dé.

Mo ti ra máíkíròmítà, n kò mọ̀ ọ́n kà. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?

Ara òògùn rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá yí i po, 0.5 mm ló ń rìn. Wọ́n pín etí ibi tí à ń yí sí 50, nítorí náà ìlà kan níbẹ̀ jẹ́ 0.01 mm. Ẹ kọ́kọ́ ka mìlímítà tó ti yọ síta lára ọ̀pá, ká ní 17. Ẹ wo bóyá ìlà ìdajì ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti yọ, ẹ fi 0.50 kún un. Ẹ wá ka nọ́mbà tó bá ìlà àárín mu lára etí, ká ní 38. 17 + 0.50 + 0.38, ó di 17.88 mm.

Ìlà ìdajì yẹn ló ń ba iṣẹ́ àwọn èèyàn jẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á sọ pé 17.38 ni. Èyí léwu lórí kíráńkì ju ibikíbi lọ, nítorí béárìn kọ́nrọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà fún kíráńkì tí a ti lọ̀ máa ń fi 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 mm kéré sí ti sítáńdáàdì, ìyẹn ìwọ̀n tó bá wá láti ilé iṣẹ́. Àwọn ni a ń pè ní «ten», «twenty», «thirty» àti «forty», nítorí iye «thou», ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, ni wọ́n fi ń kà á. Àṣìkà ìlà ìdajì jẹ́ 0.50 géérégé. Bí kíráńkì kan bá ṣì wà ní sítáńdáàdì, tí ẹ fo ìlà yẹn, á jọ pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ dé «twenty», ẹ ó sì rán oníbàárà lọ ra béárìn tí kò ní wọlé. Nítorí náà ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n ṣáájú. Kálípà á sọ fún yín pé 48 tàbí 47.5 ni, máíkíròmítà á wá sọ ìyókù.

Kí ẹ tó sọ pé kíráńkì kan dára, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn, ní ìhín àti ní ọ̀hún. Kì í jẹ yíká bákan náà. Ẹ̀gbẹ́ kan máa ń jẹ ju èkejì lọ, kò sì ní jẹ́ róbótó mọ́.

Íǹṣì ni mo máa rà ni, àbí mìlímítà?

Mìlímítà. Àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ Japan, Ṣáínà àti Íńdíà tó kún ìlú wa, mìlímítà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Bí ẹ bá rí íǹṣì, ẹ fi 25.4 sọ ọ́ di pupọ. «Thou» kan jẹ́ 0.0254 mm.

Ṣé lóòótọ́ ni ooru ń yí ìwọ̀n padà?

Òótọ́ ni, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí. Gbogbo ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé wọn, 20°C ni wọ́n gbé e lé. Ìgbà wo ni Abẹ́òkúta dé 20°C lọ́sàn-án? Bí ọjọ́ bá mú dé 35°C, irin tó gùn ní 100 mm á ti fi bíi 0.017 mm gùn sí i. Alumíníọ̀mù á fi bíi 0.035 wú. Bí irinṣẹ́ yín àti ohun tí ẹ ń wọ̀n bá jẹ́ irin, tí wọ́n sì wà nínú ooru kan náà, wọ́n jọ ń wú ni, ẹ má dààmú. Písítìnì ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí alumíníọ̀mù ni. Èyí tó jẹ́ 68 mm, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ẹ́ńjìnì tó ṣì gbóná tó 60°C, á fi bíi 0.06 mm tóbi ju bó ṣe jẹ́ ní 20°C lọ. Ẹ ó rò pé kò tíì jẹ. Ẹ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì pẹ̀lú máíkíròmítà yín, ẹ lọ jẹun, ẹ padà wá wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì gbé máíkíròmítà sórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ nínú oòrùn.

Ṣé mo lè fi ẹnu kékeré kálípà wọn inú sílíńdà?

Ẹ lè fi mọ irú sílíńdà tó jẹ́, ẹ ò lè fi mọ bó ṣe jẹ tó. Ẹnu kékeré náà ní ojú pẹlẹbẹ, inú ihò sì rí róbótó, nítorí náà ó máa ń sọ pé ihò kéré ju bó ṣe wà lọ. Bí ihò bá ṣe kéré tó ni irọ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó. Kì í sì í wọlé jìn, bẹ́ẹ̀ òkè, níbi tí ríǹgì ń yí padà, ni sílíńdà ti ń jẹ jù. Tẹlẹskópù ni kí ẹ rà, àwọn ọ̀pá tó ń na ara wọn nínú ihò. Ẹ tì í pa, ẹ yọ ọ́, ẹ fi máíkíròmítà wọ̀n ọ́n. GX160 tuntun jẹ́ 68.000 mm nínú, òpin rẹ̀ ni 68.165.

Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi kálípà wọn ọta ìbọn tí wọ́n ń tún kì nílé. Ṣé àwọn ọdẹ wa lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Rárá. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa kò fún aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nílé láìgba àṣẹ, a kì í sì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà lára tiwọn kò ju ti irinṣẹ́ lọ. Wọ́n ń wọn gígùn ìkarahun idẹ ọta náà, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 2.015 íǹṣì fún ìbọn .308, wọ́n sì mọ̀ pé kálípà tó ń ka 0.001 íǹṣì tó fún ìyẹn. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ mọ nínípọn ọrùn rẹ̀, máíkíròmítà tí ẹnu rẹ̀ kan rí róbótó ni wọ́n ń mú. Iṣẹ́ ló ń yan irinṣẹ́ fún wọn.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú wọn?

Ẹ nù wọ́n kí ẹ tó lò wọ́n, ẹ nù wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì fífúyẹ́ pa wọ́n lára, pàápàá nígbà òjò, nítorí òógùn ọwọ́ nìkan tó láti mú irin dípẹtà. Ẹ má pa ẹnu máíkíròmítà dé pinpin bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má wọn irin tó ṣì ń yí lórí léètì. Ẹ má fi ṣóńṣó kálípà kọ ìlà sára irin, ẹ má sì gbé e sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò.

Ta ló máa sọ fún mi pé tèmi ṣì péye?

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun mìíràn ni ẹ gbọ́dọ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Béárìn tuntun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sínú ọ́ìlì, ẹ má fi sí ẹ̀rọ kankan láé. Bí agbára bá wà, ẹ ra gauge block, irin tí wọ́n gé géérégé sí ìwọ̀n kan, bíi mélòó kan. Fún ilé iṣẹ́ tó nílò ìwé ẹ̀rí, àjọ SON, èyí tó ń bójú tó ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ní ilé ìwádìí ìwọ̀n ti orílẹ̀-èdè ní Enugu, àwọn aládàáni tó ń ṣe irú rẹ̀ sì wà l'Ékòó. Mẹ́káníìkì kan ṣoṣo kò nílò ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yá máíkíròmítà yín títí di ìrọ̀lẹ́?

Rárá. Ẹ gbé kíráńkì náà wá, a ó bá yín wọ̀n ọ́n níbí, a ò ní gbowó.